Ẹjọ́ Bẹ́ǹṣì àti Ìwé: Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní Ilé-Ìwé Ìjọba



Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Alaba Rago, ní apá Ọ̀jọ́, mo bá ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tí a kàn fún ọmọ méjì. Ìwé kíkà kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn. Ọmọkùnrin tí ó jókòó ní ìkángun, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ta àgbò ní ọjà, kò rí ju ẹ̀yìn ìwé náà lọ; etí ni ó fi ń kàwé. Mo bi ara mi léèrè pé, Ǹjẹ́ òfin ní ohun kan láti wí nípa ọmọ yìí? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò.

Èkíní, ohun tí òfin wí. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹ̀ka 18, wí pé kí Ìjọba máa lépa àǹfààní ẹ̀kọ́ tí ó tó, tí ó sì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ìwé náà ni ó wà, ẹ̀ka 6 kò sì jẹ́ kí ilé ẹjọ́ fi Orí Kejì nìkan mú Ìjọba. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ni ó wá fi ẹran bo egungun náà. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ka ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, mọ́ ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ sanwó fún. Ó kéré tán, Ìjọba Àpapọ̀ yóò mú ìdá 2 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ yóò mú ìpín tirẹ̀ wá pẹ̀lú.

Èkejì, àwọn ẹjọ́. Ẹgbẹ́ SERAP pe Ìjọba Àpapọ̀ àti àjọ UBEC, tí ń bójú tó owó náà, lẹ́jọ́ ní Kóòtù ECOWAS ní Àbújá, nítorí owó ilé-ìwé tí wọ́n ní a kó jẹ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Àjọ UBEC dáhùn pé Orí Kejì kò ṣeé pe ẹjọ́ lé lórí. Ní ọjọ́ 27 oṣù October, ọdún 2009, kóòtù wí pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú Ìwé Àdéhùn Áfíríkà tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí, ó sì gba ẹjọ́ náà wọlé. Ní ọjọ́ 30 oṣù November, ọdún 2010, ó pàṣẹ pé kí Ìjọba dí àlàfo owó tí ó sọnù bí a ti ń wá àwọn tí ó kó o jẹ, kí a má bàa fi ẹ̀kọ́ du apá kan àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 1 oṣù March, ọdún 2017, nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ LEDAP, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá wí pé òfin 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di ẹ̀tọ́ tí a lè gbà ní kóòtù.

Èkẹta, ohun tí ó kàn wá. Ẹ kíyè sí i pé kóòtù ti ọdún 2010 wí pẹ̀lú pé a kò lè ka olè jíjà nìkan sí fífi ẹ̀tọ́ du ọmọ. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà tí ó so owó tí ó sọnù mọ́ ọmọ tí kò rí ẹ̀kọ́ gbà. Ta ni yóò mú ẹ̀rí náà wá? Agbẹjọ́rò kò sí ní kíláàsì. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2012, nígbà tí ìwé kò dé àwọn ilé-ìwé ní Limpopo, ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì kan wà lára àwọn tí ó pe ẹjọ́, kóòtù sì pàṣẹ pé kí a kó ìwé lọ fún wọn.

Ẹ̀yin ará, rẹ́jísítà tí a ń kọ tìkanratìkanra, àti àkọsílẹ̀ ẹrù ilé-ìwé tí a ń dà kọ láti ọdún dé ọdún láìkà á, lè di ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ kan. Bí a bá kọ ọ́ pé bẹ́ǹṣì pé nígbà tí kò pé, àwa fúnra wa ni a ti jẹ́rìí lòdì sí ọmọ. Kí n tó fi Alaba Rago sílẹ̀, mo ka bẹ́ǹṣì àti ìwé inú kíláàsì mi, mo kọ iye wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kà wọ́n, mo sì fi í lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́. Iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa ṣe é níbikíbi tí a bá rán an sí.