Àbẹ̀kẹ́, Èèyàn Mélòó Ló Ń Bọ̀?

Àbẹ̀kẹ́, wá jókòó síbí. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀ ná. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ fún mi, pé onílé oúnjẹ pè ọ́, ó ní "Quanti siete?", ìwọ wá dá a lóhùn pé "Tanti"? Èèyàn béèrè iye yín, o ní ẹ pọ̀! Bologna nibí o, ọkọ mi, kì í ṣe Mọ́kọ́lá. Kò sẹ́ni tó máa pa àtíbàbà sójú títì fún ọ níbí, kí ìyá alásè tún gbé ìkòkò ìrẹsì mìíràn kaná nígbà tí àwọn mo-gbọ́-mo-yà bá dé.

Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ojú ń tì ọ́ láti bi àwọn èèyàn pé, "Mélòó ni yín?" Ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló ní kí o ka ọmọ ẹnikẹ́ni? Àga ni kí o kà! Oúnjẹ tí ẹ fẹ́ jẹ lẹ́yìn ìrìbọmi ọmọ rẹ, "a testa" ni wọ́n ń gbowó rẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Tí o bá ní 20 èèyàn ló ń bọ̀, tí 30 yọjú, níbo ni àwọn tó kù máa jókòó sí? Tí o bá sì ní 30, tí 20 dé, wọ́n lè ní kí o sanwó àwọn mẹ́wàá tí kò fẹnu kan nǹkan kan. Owó ọkọ rẹ ni o!

Kí ló tiẹ̀ le nínú ìbéèrè náà? Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, "In quanti siete?" ti tó, bí o bá sì fẹ́, "Quanti sarete?" Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé yín, má lọ fi "tu" bá ìyẹn sọ̀rọ̀ o. Bi í bóyá òun nìkan ló ń bọ̀ tàbí pẹ̀lú ẹlòmíràn: "Signora, Lei viene da sola o con qualcuno?" Fi "Lei" bọ̀wọ̀ fún un, bí o ṣe ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún mi, lọ́jọ́ tí inú rẹ bá dùn. Ẹni tó bá ní "vediamo", pé ká ṣì máa wò ó ná, má kà á mọ́ àwọn tó ń bọ̀, má sì yọ ọ́. Tún pè é lọ́jọ́ kejì.

Béèrè ti àwọn ọmọdé lọ́tọ̀, "Quanti adulti e quanti bambini?", torí oúnjẹ wọn kì í wọ́n tó ti àgbà. Béèrè bóyá a rí ẹni tó jẹ́ "celiaco", tí ara rẹ̀ kò gba ìyẹ̀fun àlìkámà. Nílùú tí wọ́n ti ń jẹ pasta bí a ṣe ń jẹ àmàlà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré rárá.

Bí àròpọ̀ rẹ bá wá já sí 13 nídìí tábìlì kan, tètè wá ẹni kan kún un kí ìyá ọkọ rẹ tó fajú ro. Iye Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn nìyẹn, ọ̀pọ̀ àgbà ibí ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọn ò fẹ́ràn 17 náà. Èmi ò ka ìyẹn sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni ìyá ọkọ rẹ.

Ó yá, pe gbogbo wọn lálẹ́ yìí. Kọ orúkọ wọn sínú ìwé, má fi sórí, mo mọ orí rẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, pe onílé oúnjẹ padà, kí o sọ ọ́ gaara: "Saremo in venti, quindici adulti e cinque bambini", tàbí iye yòówù tó bá jẹ́. Ti ilé wa níbí, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ni. Siamo in due. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i.