Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Àìrọ́mọbí: Ohun tí Dókítà Sọ àti Ohun tí Etí Gbọ́

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè lò ní èdè Yorùbá fún ìtọ́jú tí a ti ń pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ lóde ara, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí IVF. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti apá kejì tí Ọladélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti la ọ̀nà fún àwa olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ti ìṣègùn, olúkúlùkù ògbufọ̀ ni ó ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Bí ọ̀rọ̀-ìperí gírámà bá kù díẹ̀ káàtó, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pàdánù máàkì. Bí ti ìṣègùn bá kù díẹ̀ káàtó, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin kan láti agbègbè Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ó jẹ́ àbúrò ọ̀rẹ́ wa, gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó fún ìtọ́jú náà. Nígbà tí ó padà, ó wá sí ilé wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní oyún náà ti bàjẹ́. Ta ni ó bà á jẹ́?" A ní kí ó mú ìwé tí wọ́n fún un wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tí ó sì wà níbẹ̀ kò ju pé ohun tí wọ́n gbé sínú ilé-ọmọ kò dúró. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un ni ó pè é ní "oyún bàjẹ́". Oyún kò tíì wà rárá. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti ń ṣọ̀fọ̀ oyún, ó sì ti ń fura sí ìyá ọkọ rẹ̀.

Ọmọ inú ìgò

Nígbà tí a bí Louise Brown ní Oldham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, 1978, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún púpọ̀ láti ọwọ́ Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy, àwọn oníwèé-ìròyìn òyìnbó kọ ọ́ káàkiri pé ọmọ tí a ṣe nínú ìgò ti dé. Yorùbá náà sì yá a lò wẹ́rẹ́: ọmọ inú ìgò. Orúkọ yìí ti wà nílẹ̀ kí ó tó di 1989, nígbà tí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, so èso ọmọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìtumọ̀ náà kò jìnnà sí orísun rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Látìn tí ó wà nínú orúkọ ìtọ́jú yìí, "nínú gíláàsì" ni ó dúró fún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìtàn tí a gbọ́ láti kékeré, ẹni tí ó bá wà nínú ìgò, ẹni tí wọ́n dè mọ́bẹ̀ ni. Èwo ni ìyá tí yóò fẹ́ kí a fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé? Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ náà kò bá iṣẹ́ mu. Inú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré sì ni a ń lò níbẹ̀ nínú nǹkan bí ọjọ́ 266 tí ọmọ fi ń dàgbà kí a tó bí i.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà tipẹ́, èyíinì ni "ọlẹ̀". Àwọn àgbà a máa sọ pé "ọlẹ̀ sọ" nígbà tí ìyá bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun inú òun mira. A mọ̀ pé ọlẹ̀ tí ó ti lè mira ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó burú nínú kí a fa ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn títí dé ọjọ́ kìíní. Gẹ́gẹ́ bí a ti ní "di àgbà" tí ó di "dàgbà", bẹ́ẹ̀ ni "di ọlẹ̀" lè di "dọlẹ̀", kí a sì ṣẹ̀dá "ìdọlẹ̀" láti ara rẹ̀. Ohun tí a dábàá fún IVF, nígbà náà, ni "ìdọlẹ̀ lóde ara".

Àgàn, akúra àti àìrọ́mọbí

Obìnrin nìkan ni a ń pè ní àgàn. Akúra ni a ń pe ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè bá obìnrin lò pọ̀ ni akúra. Kí ni a ó wá pe ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tí kò sí ohun tí ó ṣe é lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n tí àtọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ó lè sọ ẹyin dọlẹ̀? Èdè ojoojúmọ́ kò fún un ní orúkọ, ó sì rọrùn fún un láti rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ní ipa tirẹ̀ nínú nǹkan bí ìdajì ìṣòro yìí.

"Àìrọ́mọbí" ni a fara mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe "bí" tí ó wà nínú rẹ̀ kò yan akọ tàbí abo: a ń sọ pé "ìyá tí ó bí mi", a sì ń sọ pé "bàbá tí ó bí mi". Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń jẹ́ "ọma", ẹ̀ka-èdè náà yóò kàn yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a lo orúkọ yìí fún àwọn tí wọ́n ti ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìsí ìdènà, tí oyún kò dé. Ní 2023, àjọ náà sọ pé ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí nígbà ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. "Kòkòrò inú àtọ̀" ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń pe ohun tí ó ń wẹ̀ nínú àtọ̀. Kòkòrò kì í ṣe ohun rere létí Yorùbá. Ọkùnrin tí a bá sọ fún pé kòkòrò inú àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! "Ọmọ-àtọ̀" sàn jù, bí a ti ń sọ pé ọmọ-odó àti ọmọ-ayò. Àwọn kan yóò ní ó lè dàrú mọ́ ọmọ gidi. A kò sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ yẹn kò tó ti kòkòrò.

Ohun tí ó ń mú un yọrí tàbí kí ó má yọrí

Ọjọ́-orí obìnrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Kí a tó bí ọmọbìnrin ni gbogbo ẹyin rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún, ìdínkù náà sì ń yára sí i láti bí ọdún 35. Kí ògbufọ̀ má ṣe sọ fún un pé "ẹyin rẹ ti gbó". "Ọjọ́ ti lọ lórí ẹyin náà" sọ ohun kan náà láìsí èébú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ẹyin. Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú, oyún tí a ṣẹ́ lọ́nà ìdọ̀tí tàbí àrùn tí ó wọlé lẹ́yìn ìbímọ lè dí i. Nítorí ọ̀nà ẹyin tí ó dí ni a ṣe ṣe ìtọ́jú yìí fún ìyá Louise Brown. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbára jọ sínú ọ̀nà tí ó dí náà, tí ó ń sun wá sínú ilé-ọmọ, kò ní jẹ́ kí ọlẹ̀ ráyè jókòó. Àwọn dókítà a máa gé e tàbí kí wọ́n dè é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìju tí ó bá yọ sí inú ilé-ọmọ gan-an ń ṣe irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Sìgá àti ara tí ó sanra jù kò ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Bí dókítà bá wá ní ìrètí jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? A ti gbọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí pé ọmọ náà "ti pé dé ìdá 35". Ó sàn kí a ka ènìyàn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35, bí a bá gbé ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú obìnrin mẹ́ta, nǹkan bí ẹnì kan ni yóò bímọ. Nínú àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 43 tí wọ́n ń lo ẹyin tiwọn, a lè ka mẹ́wàá kí a má rí ẹnì kan.

Àmì ohùn

Ìwé pélébé tí a bá kọ láìsí àmì kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Òkìtìpupa jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Bí ará ibẹ̀ bá rí "eyin" tí kò ní àmì kankan, ẹyìn tí a ń fún epo lára rẹ̀ lè kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Eyín ẹnu àti ẹ̀yìn ara náà wà níbẹ̀. "Ole" tí a bá sì kọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọlẹ̀, ọ̀lẹ tàbí olè. Ẹ wo irú ohun tí a lè ní a fẹ́ gbé sínú ilé-ọmọ ọmọlọ́mọ!

Gbígbé ọlẹ̀ sínú

"Gbígbé ọlẹ̀ sínú" ni a ti ń lò fún ìpele tí ó kẹ́yìn, a sì rò pé ó tó. Nígbà tí a jókòó ti obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a ṣàlàyé pé wọ́n gbé ọlẹ̀ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n sì dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Pé ọlẹ̀ ni ó wà, kì í ṣe oyún, àti pé ẹnikẹ́ni kò bà á jẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n gbìn ín, kò wá ta gbòǹgbò ni?" A ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní, "Ṣé a lè tún òmíràn gbìn?"

Láti ọjọ́ náà ni a ti pa "gbígbé sínú" tì nínú àkọsílẹ̀ wa. "Gbígbin ọlẹ̀" ni a ń lò báyìí, àti "ọlẹ̀ kò ta gbòǹgbò" fún èyí tí kò dúró.