Ojú Ìwé Wo? Ìṣẹ́jú Wo? Bí A Ṣe Fi Ìwé Ó Le Kú Wé Fíìmù Rẹ̀ Ní Kíláàsì

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo dáhùn ìbéèrè kan lórí Ó Le Kú láìka ìwé náà. Mo ti wo fíìmù rẹ̀ nílé wa láìmọye ìgbà, mo sì rò pé mo mọ ìtàn náà tán. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta gbáko. Mo ṣàpèjúwe ẹ̀rín Àjàní, mo ṣàpèjúwe aṣọ tí àwọn ọmọge wọ̀. Nígbà tí olùkọ́ dá iṣẹ́ mi padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi gègé pupa kọ síbẹ̀: "Ojú ìwé wo?" Máàkì tí mo gbà kò ṣeé sọ síta.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ kíláàsì ní sáà yìí, nígbà tí wọ́n ní kí àwa ọmọ ọdún ìkẹyìn máa darí ìjíròrò àwọn ọmọ ọdún kejì. Mo kọ ohun tí a ṣe síbí fún ẹni tó ń múra ìdánwò, àti fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde tí ẹ sì ń kọ́ni níléèwé.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀

Ọdún 1974 ni ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá yìí jáde. Túndé Kèlání ló darí fíìmù rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1997. Yẹmí Ṣódìmú ló ṣe Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn tó ń wá ìyàwó, tí ọkàn rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìṣọ̀lá àti Kèlání ti jọ ṣiṣẹ́ lórí Kòṣeégbé ṣáájú, wọ́n sì tún jọ ṣe Ṣaworoidẹ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé àjèjì kan wá jí ìtàn onítàn gbé. Nítorí náà, "Èwo ló dára jù?" kọ́ ni ìbéèrè wa. Ohun tí à ń béèrè ni pé: iṣẹ́ wo ni ìwé fi sílẹ̀ fún òǹkàwé, tí fíìmù ti bá òǹwòran ṣe tán?

Ohùn

Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i: O le ku. Mo ní kí wọ́n kà á. Àwọn kan kà á sí "Ó lè kú", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláìsàn. Àwọn yòókù kà á sí "Ó le kú", ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà le kọjá sísọ. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè ni ohùn ti àkọ́kọ́. Òkè, àárín, òkè ni ti èkejì. Sílébù kan péré ló yàtọ̀, ìtumọ̀ sì ti yí padà pátápátá.

Nínú fíìmù, ẹnu òṣèré ti bá wa fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé, ojú wa ló máa ṣe é. Nínú àkọtọ́ wa, ohùn àárín kì í sábà gba àmì. Àìsí àmì lórí "le" fúnra rẹ̀ ń sọ nǹkan, bí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká bá ti ní tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbogbo àmì kúrò, bí a ti máa ń ṣe lórí fóònù, kálukú á máa kà á bó ṣe wù ú.

Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, "Àǹtí, tí fíìmù bá ti sọ ohùn fún wa, kí la tún fẹ́ fi ìwé ṣe?" Mo ní kó sọ "Kò burú" bí ẹni tó gbà tọkàntọkàn. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ bí ẹni tí inú ń bí, tó ń gbẹ̀san bọ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìwé, méjèèjì wà níbẹ̀ títí òǹkàwé yóò fi wo ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, kó tó mú ọ̀kan. Nínú fíìmù, òṣèré ti mú ọ̀kan fún wa. Àlàyé tirẹ̀ nìyẹn, a sì lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé kò ní ohun tí yóò fi jiyàn.

Ọ̀wọ̀

Ẹ wo gbólóhùn bíi "Wọ́n ti dé". Lórí ìwé, ó lè jẹ́ ìyá ẹni nìkan, ó sì lè jẹ́ èèyàn mẹ́wàá. Òǹkàwé gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn láti mọ ẹni tí à ń wí. Nínú fíìmù, kámẹ́rà ti fi ìyá kan ṣoṣo hàn wá, ọmọ sì ti dọ̀bálẹ̀ kó tó lanu. Mo ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbogbo "o" àti "ẹ" tí Àjàní fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú orí kan, kí wọ́n wá wò ó bóyá ara òṣèré bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Àkókò

Ọdún mẹ́tàlélógún ló wà láàárín ìwé àti fíìmù. Ẹni tó ra ìwé náà ní 1974 ò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ìró kúkúrú fún un. Ó ń rí i ní títì. Ní 1997, ìgbà àtijọ́ nìyẹn ti dà. Fíìmù gbọ́dọ̀ fi aṣọ ìgbà náà hàn. Ìró kúkúrú àti bùbá yẹn wu àwọn òǹwòran débi pé ó tún gbòde, wọ́n sì ń pè é ní Olekú. Aṣọ tí mo júwe nínú iṣẹ́ mi lọ́dún kejì, orí ẹ̀rọ ni mo ti rí i, mo wá lọ kà á sí Ìṣọ̀lá lọ́rùn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé. Ohun tí ìwé sọ àti ojú ìwé rẹ̀ á wà lápá òsì, ohun tí fíìmù ṣe àti ìṣẹ́jú rẹ̀ á wà lápá ọ̀tún. Gbólóhùn tí kò ní ojú ìwé tàbí ìṣẹ́jú, ẹ pa á rẹ́.

Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé Àjàní ń ṣiyèméjì. Mo bi í pé, "Ojú ìwé wo?" Ó dákẹ́. Ó jókòó, ó ṣí ìwé náà, ó ń ka àwọn gbólóhùn kan sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń padà sórí àmì tó ṣì kà. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè yìí gan-an, púpọ̀ nínú wa la ń gbọ́ ọ ketekete tí kíkà rẹ̀ sì ń fún wa ní wàhálà. Nígbà tí kíláàsì parí, kò tíì dìde. Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú ojú ìwé mẹ́rin wá, ó sì ní òun ò gbà mọ́ pé bí fíìmù ṣe fi Àjàní hàn nìkan lèèyàn lè gbà rí i. Ìgbà yẹn ni ìfiwéra wa tó bẹ̀rẹ̀.