Kíka Ara Irin: Ẹ̀kọ́ Lórí Wíwá Irinṣẹ́ Àtijọ́ Lọ́jà

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, papò dà, kí n tó ti ilé-ìwé dé ni wọ́n ti ta àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń ra àjákù irin kiri ni ó rà á. Orí ìwọ̀n ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé, ayùn, ìfági, òòlù àti ṣísẹ́lì, iye kílò wọn ni wọ́n sì gba owó lé lórí. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí kò bá lè ka ohun tí ó wà lára irin, irin lásán ni yóò rí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn lọ́jà àlòkù, bóyá n ó rí wọn. Ìrìn náà ni ó kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ.

Ọjà Owódé Oníirin, ní ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́. Ó ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí a dé Èkó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, a máa ń rí àwọn tí wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tí wọ́n to irin sórí rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, àti irinṣẹ́ tòkunbọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí àwọn tí ń rà á fún iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin tó dé.

Bí a ṣe ń ka irin òkè òkun

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìṣe. Mo rí ṣísẹ́lì kan tí wọ́n lu CAST STEEL sí lára. Mo rò pé orúkọ ẹni tí ó rọ ọ́ ni, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo sì fi wá ọ̀gbẹ́ni náà kiri nínú ìwé! Irin líle tí a yọ́ nínú ìkòkò amọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Benjamin Huntsman ni ó bẹ̀rẹ̀ irú irin yìí ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin ọdún 1740 sí 1750. Nítorí pé irin líle wọ́n, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ a máa jó ìwọ̀nba rẹ̀ mọ́ irin tí ó rọ̀, kí ó lè jẹ́ pé ojú tí ń gé igi nìkan ni yóò le. Bí ẹ bá nu ẹ̀gbẹ́ irú ṣísẹ́lì bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí irin méjèèjì ti pàdé. Bí pípọ́n bá ti jẹ irin líle náà tán, kí ni a tún ń rà?

Ìfági a máa ní orúkọ iléeṣẹ́ lára. Òǹtajà kan fi Record hàn mí, ó ní, “Àbúrò, ayé Ọbabìnrin Victoria nìyí o!” Ọdún 1901 ni Victoria kú, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ìfági Record jáde. Mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò dín kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí kò ṣe pàtàkì tó ẹnu ìfági náà. Irin dídà ni ara rẹ̀, bí ó bá jábọ́, ó lè sán. Ibi tí abẹ ti ń yọrí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ti ayùn kò le. Ẹ fojú kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ gbọọrọ. Bí ó bá wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ìpẹtà orí lásán kì í ṣe ẹjọ́, epo òyìnbó àti aṣọ líle yóò ká a.

Irin tí àwọn tiwa rọ

Irinṣẹ́ agbẹ́gilére ni ó dùn mí jù. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ lára rẹ̀. Ojú òòlù alágbẹ̀dẹ ni à ń wá, àti ìdí irin tí wọ́n fà gùn kí ó lè gún orí èèkù wọlé. Kò ní ihò bí àáké òyìnbó. Bí a bá ti ń fi í gé igi ni ìdí rẹ̀ ń wọlé sí i, tí ó sì túbọ̀ ń le.

Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó wà nídìí iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967 pé ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ère: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Àáké ni a fi ń ṣe ọnà lílé, nígbà tí igi ṣì jẹ́ ìtì. Ọ̀bẹ ni a fi ń ṣe fínfín, nígbà tí à ń fín irun àti ilà sí i. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ti ní nínú gbólóhùn.

Lọ́jọ́ kan mo rí irin pẹlẹbẹ kan tí kò ní èèkù mọ́. Mo bi ìyá tí ń tà á ní orúkọ rẹ̀. “Irin ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ sí ìwọ̀n. Mo san owó kílò, mo gbé e tọ bàbá agbẹ́gilére kan lọ. Bàbá kò tíì gbà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi sọ pé, “Ti àlétúnlé nìyí. Èèkù rẹ̀ dà?” Wọ́n fọwọ́ ra ojú rẹ̀, wọ́n ní bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni ó ni ín, nítorí igun kan ti jẹ ju èkejì lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní báyìí, Bàbá ń gbẹ́ èèkù tuntun fún un.

Ní ti àpótí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, n kò tíì rí ẹyọ kan. Ilà mẹ́ta pẹ̀lú ihò kékeré kan ni àmì tí wọ́n máa ń fi sí èèkù ayùn wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá rí i lọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi san owó rẹ̀, n ó dá a padà.