Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Ẹ̀jẹ́ Tó Jẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, pé o ti jẹ́jẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù kan náírà fún òrùlé ilé ìjọsìn yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ọ lọ́kàn ọrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ lọ́jọ́ Ajé, òfìfo ni mo bá páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, pé kí o kọ́kọ́ san ẹ̀jẹ́ rẹ ná. N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

O mọ ìtàn Ọba Sọ́ọ̀lù nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 15. Ọlọ́run ní kó pa Ámálékì run, títí kan ẹran ọ̀sìn wọn. Ó jagun, ó ṣẹ́gun, àmọ́ ó dá Ágágì ọba wọn sí, ó sì ṣa àgùntàn àti màlúù tó sanra pamọ́. Nígbà tí Sámúẹ́lì dé, Sọ́ọ̀lù yára sọ pé òun ti ṣe gbogbo ohun tí Olúwa wí, bẹ́ẹ̀ àgùntàn ń ké lẹ́yìn rẹ̀! Wòlíì bi í pé igbe ẹran wo lòun ń gbọ́ yìí. Ó ní ẹran ìrúbọ sí Olúwa ni. Bóyá ó tilẹ̀ fẹ́ rú ẹbọ náà lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí Ọlọ́run kò béèrè ló fẹ́ fi dípò ohun tí Ó béèrè, ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìgbọràn ni èyí. Lédè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà, shama, ni wọ́n ń lò fún kí etí gbọ́ àti kí èèyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Tiwa náà kò yàtọ̀. Bí a bá ní ọmọ kan kì í gbọ́ràn, ṣé etí rẹ̀ ló di?

Jésù fúnra rẹ̀ bá àwọn Farisí àti akọ̀wé òfin fa ọ̀rọ̀ yìí nínú Máàkù orí 7. Lásìkò yẹn, ẹnì kan lè sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ohun tí òun ìbá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ti di Kọ́bánì, ìyẹn ọrẹ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, àṣà àwọn àgbà kò sì ní jẹ́ kó ṣe nǹkan kan fún wọn mọ́. Jésù ní àṣà yẹn ti sọ òfin Ọlọ́run di asán, òfin tó ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wa, tó wà nínú Ẹ́kísódù 20, tí Mósè tún sọ nínú Diutarónómì 5. Má fi Mátíù 10 dá mi lóhùn. Ẹni tó ní ká fẹ́ràn òun ju bàbá àti ìyá lọ náà ló bínú sí Kọ́bánì. Nígbà tó wà lórí àgbélébùú pàápàá, ó fa ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́, kó lè máa tọ́jú wọn.

Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tó wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí o ń kà sí Yorùbá, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Tìrẹ kò jìnnà sí ọ rárá, ọmọ mi.

N kò ní kí o da ẹ̀jẹ́. Ìwé Oníwàásù kìlọ̀ nípa ìyẹn. Lọ bá olùṣọ́-àgùntàn yín, kí o ṣàlàyé fún wọn pé díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa san án. Mo bẹ̀ ọ́, ra oògùn màmá rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí o sì gbé e wá fúnra rẹ, má fi rán ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ