Títa Ọjà Ọlọ́jà Lórí Fóònù
Ẹni tí kò ní owó ọjà lè gbé àwòrán ọjà ẹlòmíì sórí WhatsApp, kó gba làádà lórí èyí tó bá tà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò o! Ká ní làádà ìgò òróró ẹ̀pà kan jẹ́ 200 fráǹkì, ẹ wá ra mẹ́gà 500 fráǹkì. Ìgò méjì kò tíì dá owó mẹ́gà padà. Ìgò kẹta ló mú 100 péré wọlé. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ òróró náà wò, torí ojú yín ni oníbàárà mọ̀. Kí olóróró fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín: iye làádà, ọjọ́ tó máa san án. Ẹni tó ní kí ẹ sanwó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ tún mú èèyàn wá, kì í ṣe ọjà ló ń tà; owó àwọn tí ẹ bá mú wá ló ń wá.