Àpótí Ìmọ̀: Gágá kì í mú gbogbo wa bákan náà

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí gágá ń ṣe sín nínú taksí tó kún fọ́fọ́ l'Óṣíẹ̀lẹ̀. Aláboyún tó jókòó tì í àti ìyá àgbà tó gbé ẹ̀fọ́ sẹ́sẹ̀ lè kó o. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ọjọ́ mélòó kan dùbúlẹ̀, á dìde. Tiwọn lè di òtútù àyà. Oyún ti ń ti ẹ̀dọ̀fóró aláboyún sókè, mímí kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún un mọ́; ara àgbàlagbà kò sì tètè lé àrùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ tín-ín-rín, ikun díẹ̀ ti dí i. Ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tún yàtọ̀: ẹ̀yà inú tó ń bá a sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń bàjẹ́ láti kékeré.

Àmọ́ àjàkálẹ̀ gágá ti ọdún 1918 ṣàjèjì. Ọkọ̀ òkun gbé e dé Èkó lóṣù Kẹsàn-án, rélùwéè sì gbé e wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Lúkúlúkú ni wọ́n pè é, bí àrùn tó ń gbá adìẹ lọ. Kárí ayé, àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 20 sí 40, àwọn gan-an tó ń roko, ló kú lọ bẹẹrẹ.